Rárá Tí Mo Gbé Lọ sí Ìlú Ọba

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kò ní gba èyí gbọ́, n kò sì ní bá yín jà. Èmi náà, bí ẹlòmíràn bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wa tó sọ ọ́ fún mi, màá ní ó kàn ń fi irọ́ pa àsìkò kí wọ́n tó pe ìrun ni. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe, ikùn mi ló sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ní Òkè Gada, ní Ẹdẹ níbí, ẹni tó kọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín pé ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló ń sọ "borrow", ẹni tó fẹ́ fi nǹkan tirẹ̀ sílẹ̀ ló ń sọ "lend". Àwọn kan nínú yín ṣì ń yà bàrá bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ bí wọ́n bá rí mi ní Owódé, nítorí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí.

Àkọ́bí mi, Ṣẹrífátù, ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú kékeré kan ní apá àríwá Ìlú Ọba. Ibẹ̀ ló ti rí ọmọ òyìnbó kan tó fẹ́ fẹ́, Tọ́mù ni wọ́n ń pè é. Ọmọ náà ti gba ẹ̀sìn, ó ń bá àwọn ará Pakísítáànì ìlú náà kírun Jímọ̀, nítorí náà kì í ṣe ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé Alájì Ràṣídì, ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ olórí agboolé wa, kò tíì rí ìdílé ọmọ náà rí, kò sì ní lè lọ rí wọn, torí orúnkún Alájì kò jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn ilé ara wọn, ká tó wá sọ ti bàálù.

"Ìwọ ni kó o lọ," Alájì ní. "Wo àwọn èèyàn náà dáadáa. Bí wọ́n bá mọ iyì àna, a máa fún wọn lọ́mọ. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, sọ fún wa, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ohun tó bá ti ẹnu ẹ jáde la máa ṣe."

Ṣẹrífátù wà lórí fóònù, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò fèsì. Ọmọ náà ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, àmọ́ kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní agboolé wa pé bí a bá ti sọ pé a kò fẹ́, kò ní bá ọkùnrin kankan lọ lẹ́yìn wa. Yóò kàn dákẹ́ ni, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni mò ń gbọ́ létí nígbà tí mo ń di ẹrù.

Ìlú tó ń béèrè àìsàn

Wọn kì í kí ènìyàn ní Ìlú Ọba. Àìsàn ni wọ́n máa ń béèrè. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ ni obìnrin kan tó ń ta tíì ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ó ní, "You all right, love?"

Mo kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn kí n lè rí olólùfẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ àfi èmi àti àpótí mi. Nígbà tó wá yé mi pé èmi ni, mo tún agbádá ṣe sórí èjìká, mo sì dúpẹ́ pé Ìyá Ṣẹrífátù wà ní Ẹdẹ. Lẹ́yìn náà ni mo dá a lóhùn. Mo ní ara le, ṣùgbọ́n bàálù ti mú ẹsẹ̀ mi wú díẹ̀, oorun kò kún ojú mi, mo sì fi àwọn ará ilé sílẹ̀ láàyè, a dúpẹ́. Mo wá bi í léèrè ará ilé tirẹ̀. Ó ti kọjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn mi, ó sì ti ń pe ìyẹn náà ní olólùfẹ́.

Ní ọ̀dọ̀ wa, bí o bá bi mí bóyá mo sùn dáadáa, wàá dúró gbọ́ bí mo ṣe sùn. Níbẹ̀, wọ́n á béèrè àlàáfíà rẹ tán, wọ́n á sì sá fún ìdáhùn bí ẹni tí òjò ká mọ́ ìta.

Ibẹ̀ ni Ṣẹrífátù ti sáré dé, Tọ́mù tẹ̀ lé e. Ọmọkùnrin gígùn gbọọrọ, irun rẹ̀ pupa bí epo. Kí n tó lanu, ó ti nà gbalaja sórí símẹ́ńtì. Ìdọ̀bálẹ̀ tó péye ni o, àyà kan ilẹ̀. Àwọn èèyàn tó ń kọjá dúró. Ọkùnrin kan kúnlẹ̀ tì í, ó ń gbọ̀n ọ́n léjìká, ó ń bi í bóyá ara rẹ̀ dá. Obìnrin kan ti yọ fóònù, ó fẹ́ pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Tọ́mù kò mira. Ṣẹrífátù ti kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ dìde títí bàbá yóò fi sọ pé kó dìde.

Mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Ẹ má bi mí nídìí.

"Dìde, ọmọ mi," mo ní.

Ó dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, sà."

Ọkàn mi balẹ̀. Ọmọ yẹn mọ iyì àna. Ó wá ku ìyá rẹ̀.

Àwọn tó ni ín

Mo ti rò pé bí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì, ara á tù mí. Mo rò pé á dà bí ìgbà tí ẹni tó ti ń mu omi kànga tipẹ́ bá dé orísun. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, a wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan, bàbá arúgbó kan yíjú sí mi. Ìlú yẹn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Ó rí báírò ní àpò mi, ó ní, "Can I lend your pen?"

Mo wo bàbá náà bí mo ṣe máa ń wo ọmọ kíláàsì kejì.

"Borrow," mo ní.

"Kí lẹ wí?"

"Borrow. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbà á."

Ó wo ojú mi, ó wo báírò, ó ní kí n máa gbé e lọ. Ṣẹrífátù ti fà mí lápá jáde.

"Bàbá, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbí nìyẹn. Bí ẹ bá dé Lọ́ńdọ̀nù, wọn kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló wá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn?"

"Gbogbo wọn."

N kò bínú sí bàbá arúgbó yẹn. Àwa àti àwọn Ìjẹ̀ṣà náà kì í pe gbogbo nǹkan bákan náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kó èdè Ìjẹ̀ṣà sínú ọkọ̀ ojú omi, tó lọ fi ẹgba kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló tọ̀nà, tí ará ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sì tọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu mi, ẹnu náà sì kọ̀, kò gbọ́. Obìnrin kan fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà, mo ní "sorry", bí gbogbo wa ṣe máa ń sọ ọ́. Ó ní kí ló dé, ṣé èmi ni mo ti òun ni? Mo rí àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe, mo kí wọn kú iṣẹ́, mo ní "well done". Ọ̀kan dá ṣọ́bìrì dúró, ó ń wò mí bóyá mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo sọ fún Tọ́mù pé "I'm coming", mo sì gba yàrá lọ. Ọmọ náà dúró lójú kan náà ní pálọ̀ ilé Ṣẹrífátù tí mo dé sí, títí mo fi padà dé. Ó ní òun kò mọ ibi tí mò ń bọ̀ sí, torí ẹ̀yìn mi lòun ń rí.

Ṣé ẹ rí i, kò sí èyí tí a sọ tí kì í ṣe inú rere. Àwa ní kí wọ́n má fara pa, kí iṣẹ́ má ṣe wọ́n léṣe. Wọ́n kàn ń wá ẹni tó jẹ̀bi nínú rẹ̀ ni.

Ìyá Tọ́mù

Ìyá Tọ́mù jẹ́ opó, Tọ́mù nìkan ló bí. Iṣẹ́ oúnjẹ síse ló ń ṣe ní ilé ìwé àwọn ọmọdé kan. Obìnrin kúkúrú ni, apá rẹ̀ sì le bí apá ẹni tó ti gún iyán dàgbà. Ọjà la ti pàdé. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n máa pe òun ní Jíìnì.

Ẹ gbà mí. Èmi, kí n dúró ní gbangba, kí n máa pe ìyá ọkọ ọmọ mi ní Jíìnì, bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Mo ní "Mummy Tom". Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ẹni tó pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí Tọ́mù ti kúrò ní jẹ́lé-ó-sinmi. Inú mi dùn sí i. Bí a ṣe fẹ́ pínyà, ó ní, "You must come round for tea some time." Kí n ṣáà wá jẹun lọ́dọ̀ òun nígbà kan.

"Ẹ ṣeun," mo ní. "Ọjọ́ wo?"

Ṣẹrífátù tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ìyá Tọ́mù wo òkè, ó wo bàtà rẹ̀, ó ní ọjọ́ Sátidé.

"Bàbá," Ṣẹrífátù ní nígbà tó ku àwa méjì, "tí wọ́n bá ní kí èèyàn wá nígbà kan, kò sí ọjọ́ nínú ẹ̀."

"Bí ìgbà tí mo bá ń jẹun tí mo ní ẹ wá jẹun, tí ẹni tó ń kọjá ní ó á gba ibi ire, tó sì ń bá tiẹ̀ lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́."

"Kí ló dé tó wá dá ọjọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ béèrè."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo ti mọ wọ́n tán. Ó tún ṣàlàyé fún mi pé tíì tí obìnrin náà wí kì í ṣe tíì tí à ń fi búrẹ́dì mu, pé oúnjẹ alẹ́ gidi ni. Ọ̀sán ni "dinner" tiwọn níbẹ̀. Ará Lọ́ńdọ̀nù ló ń jẹ "dinner" lálẹ́. Gbogbo ìyẹn kò kàn mí. Ohun tí mo gbọ́ ni oúnjẹ gidi, mo sì fi ikùn mi sílẹ̀ lófìfo láti òwúrọ̀ Sátidé.

Àwo tó padà

Ilé kékeré, ó móoru dáadáa. Àwa mẹ́rin la jókòó: ìyá, ọmọ, Ṣẹrífátù, èmi. Páì ẹran kan wà láàárín tábìlì, ó fẹ̀ bí àtẹ. Ó gé e, ooru jáde, òórùn ata sì bá a jáde. Obìnrin tí kò jẹ ata rí láyé rẹ̀ ló fi ata sí i. Omi sun ní ẹnu mi. Ó gbé àwo kan síwájú mi tìṣọ́ra-tìṣọ́ra.

"Ẹ jẹ́ kí n bù fún yín," ó ní. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ẹ", kò ní "wọ́n", n kò sì lè mọ̀ bóyá ó ń bọ̀wọ̀ fún mi. Èmi ni mo ń fi "ẹ" sí i lẹ́nu, nítorí ara mi.

Mo gbọ́wọ́ sókè. "No, thank you. I am okay."

Ta ni kò ní sọ bẹ́ẹ̀ nínú yín? Bàbá ìyàwó wo ló ń dé ilé ọkọ ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, kó sì bọ́ sídìí àwo bí ẹni pé wọn kò dáná nílé rẹ̀? Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é. Wàá ní o ti jẹun. Wọ́n á ní ẹ jọ̀ọ́. Wàá ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Wọ́n á ní ẹ kàn tọ́ ọ wò nítorí àwọn. Wàá mí kanlẹ̀, wàá sì jẹ ẹ́ títí àwo á fi dán, nítorí wọn.

"Ṣé ó dá yín lójú?" ó ní.

Inú mi dùn. Mo ní ó ti bẹ̀rẹ̀. "Ó dá mi lójú," mo ní, mo sì ti ń múra láti mí kanlẹ̀.

Ó gbé àwo náà kúrò níwájú mi, ó sì gbé e lọ sí ilé ìdáná.

Mo ń wo àwo yẹn bó ṣe ń lọ. Mo ti sin ọ̀pọ̀ èèyàn dé ibùdókọ̀ Ẹdẹ rí, kò sí èyí tí ìlọ rẹ̀ dùn mí tó ti àwo yẹn. Àwọn mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ṣẹrífátù la ojú sí mi bí ẹni tó ń darí ọkọ̀ tó fẹ́ jábọ́ sínú gọ́tà. Mo mu omi. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà gbé nǹkan dídùn kan jáde, èso tí wọ́n sè tí wọ́n sì da kọ́sítáádì lé lórí, ó bi mí bóyá mo fẹ́ díẹ̀. Ẹni tó kọ ẹran kò lè ṣubú lé kọ́sítáádì. Mo tún ní rárá. Lọ́tẹ̀ yìí kò béèrè bóyá ó dá mi lójú. Ọrùn rẹ̀ pọ́n.

"Oúnjẹ lásán ni," ó ní. Àwo rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí èèyàn ṣe ń bọ ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Lójú ọ̀nà

"Màá pe Alájì," mo ní bí a ti bọ́ síta. "Màá sọ fún wọn pé ẹ̀ẹ̀kan làwọn èèyàn yìí fi oúnjẹ lọ àna, wọ́n sì palẹ̀ àwo mọ́."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé rárá."

"Ta ló ń gba rárá àkọ́kọ́ gbọ́?"

"Gbogbo ìlú yìí."

"Wọn kò lè bẹ èèyàn?"

"Ó bẹ̀ yín. Ó bi yín bóyá ó dá yín lójú. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ wọn nìyẹn, Bàbá, kò ku nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀."

Ó dúró. Ó sọ fún mi pé obìnrin náà wakọ̀ lọ sí ìlú mìíràn kó tó rí ẹran tí wọ́n fi Bìsìmílà pa. Ó ra ìkòkò tuntun, torí ó gbọ́ pé kò yẹ kí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ti kan ìkòkò tí a ó fi se oúnjẹ fún Mùsùlùmí. Kó tó wá bọ̀ mí lọ́wọ́, bí a ti ń wọ bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà, ó wà ní ilé ìdáná, ó ń sunkún. Ó bi Tọ́mù bóyá nítorí pé òun jẹ́ òyìnbó ni n kò fi lè fọwọ́ kan oúnjẹ òun.

Mo ní, "Kí ló dé tó ò kìlọ̀ fún mi?"

"Mo rò pé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni."

Kò gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ẹ̀yin tí mo ti fi báírò pupa sàmì sí ìwé yín, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀tọ́ yín ni.

"Tí ẹ bá fẹ́ pe Alájì, ẹ pè wọ́n," ó ní. "Mi ò ní bá yín jiyàn. Ẹ ṣáà sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn."

Nígbà tí a délé, ó wọ yàrá rẹ̀. Mo rẹ gàrí. Fóònù mi dún, Alájì ni, n kò gbé e. Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mo bá ní wọn kò mọ iyì àna, irọ́ ni. N kò sì lè lọ bẹ obìnrin náà. Bàbá ìyàwó kì í lọ sí ilé ọkọ lọ bẹ̀bẹ̀; bí wọ́n bá gbọ́ ọ ní Ẹdẹ, ẹ̀rín rẹ̀ á dé Alájùẹ́, á tún kọjá sí ìlú Ara.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáláámà ìrun òwúrọ̀ tán ni aago ẹnu ọ̀nà dún. Ìyá Tọ́mù ni. Kò tíì ya irun, ó fi aṣọ ìnuwọ́ wé páì tó kù mọ́ àyà. Tọ́mù wà nínú mọ́tò níta, kò wọlé. Ṣẹrífátù ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó dúró ní ilé ìdáná, ó ń fọ ife kan tó ti mọ́.

Obìnrin náà gbé páì ka orí tábìlì. Ó sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ àṣetiléwá sórí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun."

Mo ti kọ́gbọ́n. "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣeun."

Ó yà á lẹ́nu. "Ẹ jẹ ẹ́ nítorí mi."

"Mo ti ní bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ kàn tọ́ ọ wò."

"Mummy Tom, mo fẹ́ jẹ ẹ́."

Mo gbọ́ tí ẹ̀rín já mọ́ Ṣẹrífátù lẹ́nu níbi tó wà. Tọ́mù ti kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rọ àwọn èèyàn wa, ìyá náà sì ti pinnu pé òun á rọ̀ mí dé òpin, mo gbà o, mo kọ̀ o.

Mo jókòó, mo jẹ páì tútù. Ẹran rẹ̀ rọ̀, ata rẹ̀ sì ń ti ẹ̀yìn bọ̀. Ó tún gé e fún mi, mo jẹ ẹ́. Nígbà tí mo ní mo ti yó, tí mo sì yó tòótọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní Tọ́mù ti sọ ìyẹn fún òun, ó sì tún gbé òmíràn sí i. Rárá mi kò níye lórí mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Mo tún ki fọ́ọ̀kì bọ̀ ọ́.

Ó wá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ ìnuwọ́, ó jẹ́ kó pẹ́, kò sì jókòó.

"Tọ́mù mi," ó ní. "Ṣé ẹ máa gbà á?"

Omi ń ṣàn nínú fọ́sẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ó yẹ kí n ní ọmọ wa kò tíì ṣe tán, kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n tún padà wá, kí n jẹ́ kí wọ́n rìn ín títí bàtà wọn á fi jẹ. Bí Alájì ṣe ń fi ọmọ fún àna nìyẹn, bí bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Rárá náà ti wà lórí ahọ́n mi, rárá tó ní ọ̀wọ̀, rárá ọmọlúàbí. Mo gbójú sókè wo obìnrin yìí. Mo rí i pé á gbọ́ ọ, á di páì rẹ̀, á sì máa lọ.

Mo gbé e mì.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "A gbà á."

Ó wò mí. Wọ́n ti sọ fún un pé ohun tí mo bá kọ́kọ́ sọ kọ́ ló wà ní inú mi.

"Òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Ẹ kò kàn fi ń tù mí nínú?"

"N kò fi tù yín nínú."

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Omi fọ́sẹ́ẹ̀tì dá. Ṣẹrífátù ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di ife náà mú lọ́wọ́ méjèèjì.

"A ti fún yín lọ́mọ," mo ní.

Obìnrin náà fa àga kan, ó jókòó tì mí, ó gba fọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èyí tó kù nínú àwo mi.